Igi Bàbá Wa àti Oògùn Fáníyì

"Dàví, wo ojú mi dáadáa. Ṣé ó ti fà sẹ́yìn?"

Ohun tí àbúrò mi Fáníyì máa ń kọ́kọ́ bi mí láàárọ̀ nìyẹn, kó tó rántí pé ó yẹ kí òun kí ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, tí a ń pè ní dàví lọ́dọ̀ wa. Èmi á wo ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì tó wú bí ìgbà tí oyin bá ta ènìyàn, màá ní, "Ó ti fà díẹ̀. Lánàá, ọ̀pọ̀lọ́ lo jọ. Lónìí, o ti ń jọ ènìyàn." Á rẹ́rìn-ín, á jókòó ti abọ́ ẹ̀kọ rẹ̀, á mu ún tán, á sì fi ife omi ńlá kan gbé oògùn rẹ̀ mì. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ rẹ̀ láti bí ọdún méjì nìyẹn.

Oògùn náà ló ń wú u lójú. Òun náà ló mú kí àwọ̀ rẹ̀, tó dúdú dáadáa tẹ́lẹ̀, máa pọ́n níhìn-ín lọ́hùn-ún, débi pé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ní Atakpamé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bóra. Bó bá fi inú òfo lò ó, á bì í jáde. Ṣùgbọ́n èyí tó le jù lọ ni pajápajá. Láìrò tẹ́lẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ á fà, á le gbandi, Fáníyì á sì di ẹsẹ̀ mú, á máa gé ètè ara rẹ̀ jẹ. Mo ti fi òróró ra ẹsẹ̀ náà títí, mo mọ̀ ọ́n ju ẹsẹ̀ ara mi lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ ń gbẹ, aṣọ tó fi sùn á tutù fún òógùn, apá òsì ikùn rẹ̀ sì wú, ó le. A gbé e títí dé ọsibítù kan ní Lomé kí wọ́n tó rí ohun tó ń ṣe é: jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Dókítà Colette, ọmọ Atakpamé bíi tiwa, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, ló ṣàlàyé fún wa. Ó ní, "Irú tirẹ̀ yìí ní oògùn. Kò ní lé àrùn náà lọ pátápátá, ṣùgbọ́n á dè é mọ́lẹ̀. Ojoojúmọ́ ni yóò máa lò ó, ó sì lè jẹ́ títí ayé rẹ̀. Ọjọ́ tó bá tú okùn náà, àrùn á dìde."

Bàbá wa, Bàbárímisá, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n lójú àwọn àgbà abúlé wa, oògùn ní òpin. Aláìsàn ló ń lo oògùn. Bí ara bá ti yá, a óò da ìyókù nù. Fáníyì sì ti sanra padà, ó ń lọ sí ilé-ìwé, ó ń bá wa roko. Ta ni yóò wò ó kó gbà pé àrùn ṣì wà lára rẹ̀?

Abúlé wa kò jìnnà sí ọ̀nà Anié. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ wá ni ijó àgéré, ijó orí igi gíga tí wọ́n ń pè ní Tchébé. Bàbá wa jó o nígbà èwe rẹ̀, kò sì sí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ tó gun igi tó ga tó tirẹ̀. Láti ìgbà tó ti fi ijó sílẹ̀, igi náà wà lókè àjà. Ó ti wá sọ ọ́ pé lọ́dún iṣu tó ń bọ̀, ní Atakpamé, Fáníyì ni yóò gùn ún. Ká sọ òótọ́, bí wọ́n bá ní kí n fi oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ra ọjọ́ tí n óò rí àbúrò mi lórí igi yẹn, ebi ì bá pa mí, mi ò sì ní ráhùn.

Bàbá Fájọbí, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ni olórí ẹgbẹ́. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bẹ̀rẹ̀, ó kó àwọn ọmọkùnrin jọ láti máa kọ́ ijó. Fáníyì gun igi ìkọ́jó, ó ti yí agbo po tán nígbà tí mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Pajápajá ti mú un. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, igi kan fì, ó sì ń bọ̀ nílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ Kòkúmọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ nísàlẹ̀, tó fi àyà gbà á.

Bàbá Fájọbí kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn ní, "Ẹsẹ̀ yìí kò tíì ṣeé gbójú lé. Bí èyí bá tún ṣẹlẹ̀, Kòkúmọ́ ni yóò gun igi bàbá rẹ."

Láti ọjọ́ yẹn ni Fáníyì ti ń fi oògùn sábẹ́ ahọ́n. Á mu omi rẹ̀ lójú wa, á rìn lọ sẹ́yìn ilé, á sì tu ú sínú koríko. Èmi kò mọ̀. Ohun tí mo rí ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ojú rẹ̀ fà sẹ́yìn, pajápajá lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì ń padà bọ̀ sípò. Kò bi mí nípa ojú rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà ìsinmi ńlá, ńṣe ló ń rìn lórí igi bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, á tẹ̀ síwájú, á tẹ̀ sẹ́yìn, á fi ẹsẹ̀ kan dúró, àwọn ọmọdé á sì máa hó. Bàbá Fájọbí wò ó títí, ó ní, "Ó tó. Igi bàbá rẹ ti di tìrẹ." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá wa gbé igi náà sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ń fi epo pa á. N kò rí i kí ó yọ̀ báyìí láti ìgbà tí àìsàn ti wọ ilé wa.

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí àsìkò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé, èmi ni mo bá a lọ sí Lomé, torí bàbá wa wà lóko. Kí ọkọ̀ tó dé Notsé, Fáníyì ti sùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀wù rẹ̀ sì rin gbindin fún òógùn. Mo ní ooru ọkọ̀ ni. Ní ọsibítù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a dúró títí èsì fi jáde. Dókítà Colette kà á, ó tún un kà, ó sì gbójú sókè.

"Fáníyì, ìgbà wo lo ti jáwọ́ nínú oògùn?"

Èmi ló kọ́kọ́ wò. Ó wá dáhùn pé, "Ó ti tó oṣù méjì, Màdáámù."

Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ gbá a mọ́ra. Ọwọ́ mi kò mọ èyí tí yóò ṣe, mo bá fi méjèèjì sábẹ́ itan mi. Dókítà ní kó dùbúlẹ̀, ó fọwọ́ tẹ apá òsì ikùn rẹ̀. Ó ní ó ti ń wú padà.

Fáníyì ní, "Pajápajá ló fà á. N kò lè fi ẹsẹ̀ yẹn gun igi."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí a lè ṣe sí pajápajá wà. Mo lè wo bí o ṣe ń jẹun, bí o ṣe ń mu omi, mo sì lè fún ọ ní ohun tí yóò dín in kù. Ṣùgbọ́n bí o bá ń dá oògùn yìí dúró bó ṣe wù ọ́, ọjọ́ kan á jọ́kan, àrùn náà kò ní gbọ́ ti oògùn mọ́. Lọ́jọ́ náà, n kò mọ ohun tí n óò ṣe fún ọ." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. Ó ní kó bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì, kó má fo ọjọ́ kankan.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ẹgbẹ́ ijó tiwa ní òfin kan tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún iṣu, àwọn tí yóò gun igi á wọ ilé tí wọ́n ń kó igi sí, wọn kò ní jẹun títí oòrùn yóò fi wọ̀, oògùn òyìnbó kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà sílé, Fáníyì ti ń rò ó.

"Dàví, ọ̀sẹ̀ kan ṣá ni. Bí mo bá ti jó tán, n óò máa lò ó lọ."

Bí mo bá ní kó má jó, títí ayé ni yóò máa sọ pé èmi ni mo gba igi lọ́wọ́ òun. Bí mo bá sì ní kó jó, níbo ni n óò gbé ojú mi sí bí àrùn náà bá dìde? Mo ń wo igi tíìkì tó ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi.

Ó bẹ̀rẹ̀ oògùn padà ṣá. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi tún wú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fẹ́ wọ ilé igi, Bàbá Fájọbí dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàbá wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan Fáníyì. Ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, n kò lè wọlé."

Bàbá Fájọbí ní, "Kí ló dé?"

"Mo ní oògùn tí mo ń lò láràárọ̀, mo sì gbọ́dọ̀ jẹun kí n tó lò ó. Mo dá a dúró kí n lè jó, àrùn náà ti padà sí mi lára."

"Ara rẹ le. Èmi fúnra mi rí ọ lórí igi."

"Ẹ rí mi lóòótọ́, Bàbá. Oògùn ló mú ara mi le, àrùn náà kò lọ. Bí mo bá tún fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo lè má rí ọdún iṣu mìíràn."

Bàbá Fájọbí ní, "Òfin ni òfin, Fáníyì. N kò lè tẹ̀ ẹ́ nítorí pé ọmọ àbúrò mi ni ọ́."

"N kò ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá." Ó dìde, ó gbé igi bàbá wa tó fi ti ògiri, ó gbé e fún Kòkúmọ́. Ó ní, "Ti apá ọ̀tún wúwo ju èkejì lọ. Rọra máa gbé e."

Bàbá wa yí padà, ó gba ọ̀nà oko lọ. Fáníyì padà sílé, ó jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì sunkún. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ẹni tó ṣe ohun tó tọ́ kì í sunkún. Mo jókòó tì í, n kò sì fi ojú rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ ọdún iṣu, èrò kún Atakpamé dé ara òkè. Kòkúmọ́ wà lórí igi bàbá wa, Fáníyì sì gba iṣẹ́ ìṣọ́, ó ń rìn nísàlẹ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ láti gbà á bó bá yẹ̀. Òwúrọ̀ kùtù la ti kúrò nílé, kò tíì jẹun. Nígbà tí àwọn oníjó sinmi, ó jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo, ó jẹ àkàsà àti ẹja, ó sì mú oògùn rẹ̀ jáde.

Ìyá kan tó dúró nítòsí sọ fún ẹnìkejì rẹ̀, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Wo ọmọdékùnrin tó ń bóra. Ọtí sì ti wú u lójú."

Ara mi ti gbóná, mo ti ń wá èsì tó máa dùn ún. Fáníyì ló ṣáájú mi. Ó dìde, ó kí i dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Kì í ṣe ìbóra, kì í ṣe ọtí. Àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi, oògùn rẹ̀ ló sọ ojú mi dà báyìí. Òun nìyí." Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí obìnrin náà rí i. Ó jù ú sẹ́nu lójú gbogbo wọn, ó sì mu omi lé e.

Ojú ti obìnrin náà. Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú." Àwọn èèyàn ti ń yíjú sí wa. Ìgbà náà ni mo rí bàbá wa tó ń la èrò kọjá bọ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, kò tíì bá Fáníyì sọ ọ̀rọ̀ kan tó gùn. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó gba ife òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjú sí àwọn tó ń wò wá.

"Ọmọ mi ni. Bàbárímisá ni èmi, èmi ni mo ni igi tó ga jù lọ yẹn. Ẹ ti wo ẹni tó wà lórí igi. Ẹ wo ẹni yìí náà dáadáa."

Fáníyì nu ẹnu rẹ̀, ó padà lọ dúró sábẹ́ Kòkúmọ́, nítorí ijó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ti fẹ́ rí i lórí igi yẹn ju ohunkóhun lọ láyé yìí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó nílẹ̀ pẹ̀lú ojú wíwú rẹ̀, mo gbé orí mi sókè láàárín èrò, mo fẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀ pé àbúrò mi ni.

Àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e fi hàn pé oògùn náà tún ti ń de àrùn mọ́lẹ̀. Pajápajá kò lọ tán, ṣùgbọ́n ó dín kù, torí pé Fáníyì ń sọ ohun gbogbo fún dókítà báyìí. Bàbá Fájọbí kò tíì yí òfin ẹgbẹ́ padà, bóyá kò sì ní yí i. Ṣùgbọ́n kò sí òwúrọ̀ tí yóò gba iwájú ilé wa kọjá tí kì í dúró bèèrè pé, "Ṣé Fáníyì ti jẹun?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí oògùn tí ẹ ń lò bá ń ni yín lára, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fún yín. Ẹ má fi pamọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín nítorí ijó, nítorí ẹwà, tàbí nítorí ẹnu ayé. Iyì wà nínú kí ènìyàn gun igi gíga. Iyì tí Fáníyì ní nílẹ̀ lọ́jọ́ náà jù ú lọ, nítorí ohun tó ṣe yẹn ló jẹ́ kó ṣì wà láàyè láàárín wa.