Dìkódà Tí Mofẹ́olúwa Yàn

Sùlàímọ́nù gbé dìkódà méjì sórí káńtà, ó fi àkísà nu eruku orí wọn, ó sì ní kí Mofẹ́olúwa fara balẹ̀ wò wọ́n kó tó sọ èyí tó fẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Ẹ̀gbẹ́ títì tó wọ inú Lugbe ló wà, wáyà àti díìṣì sì kún inú rẹ̀ débi pé ẹni méjì péré ló lè dúró níwájú káńtà náà. Mofẹ́olúwa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni ẹnì kan. Ẹnì kejì ni Olúwadárasími, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Dárà.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Sùlàímọ́nù, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń bá àwọn ará Lugbe to díìṣì. Ó ní èyí tó wà lápá òsì kì í gba owó oṣooṣù rárá. Béèyàn bá ti rà á, ó parí. Ìkànnì Yorùbá tí bàbá Mofẹ́ fẹ́ràn wà lórí rẹ̀, díìṣì tó wà nílé wọn sì ti kọjú síbi tó yẹ kó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Kò ju kí wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́ lọ.

Èyí tó wà lápá ọ̀tún dúdú, ó ń dán, ó sì ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì. Sùlàímọ́nù kò fi bò pé àwọn kan máa ń ta kóòdù tó ń ṣí àwọn ìkànnì olówó sílẹ̀ lórí rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀ fún àwọn tó ni wọ́n.

“Ẹ̀rọ nìkan ni èmi ń tà, mi ò bá wọn ta kóòdù,” ó ní. “Olè ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá tì í pa, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ. A tún máa ní láti yí díìṣì yín kúrò níbi tó wà, torí sátẹ́láìtì mìíràn ni àwọn ìkànnì olówó yẹn ti ń wá. Ìkànnì Bàbá kò ní wọlé mọ́ nìyẹn, àfi tí ẹ bá ra díìṣì kejì.”

Dárà tẹ ẹnu mọ́ etí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé dúdú ni kó mú. Orí dìkódà dúdú yìí ni eré àtìgbàdégbà tí gbogbo àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wọn ń sọ ti máa ń jáde. Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n máa ń kóra jọ tí wọ́n á máa tú u palẹ̀, ẹni tó kọ ẹnì kan, ẹni tó purọ́ fún ẹnì kan. Mofẹ́ á jókòó láàárín wọn, á máa rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ti sú u.

Ìyá rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ kó tó jáde nílé. Dìkódà àtijọ́ ti jóná nígbà tí iná mànàmáná dé pẹ̀lú agbára lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá náà kò sì ráyè lọ sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì kan ní Galadimawa, aago kan ọ̀sán ló ń wọṣẹ́, aago méje ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Ó ní kí Mofẹ́ yan èyí tó bá ní ìkànnì Dádì, nítorí Mofẹ́ gan-an ló mọ ohun tí Dádì ń wò.

Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n bíi Mofẹ́. Bàbá rẹ̀, Ọlọ́runfúnmi, ọmọ Ìsánlú, ti wa takisí ní pápákọ̀ òfurufú fún ọdún mẹ́rìndínlógún kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá a dúró. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ sì wọ́. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ á kàn máa yí nínú ẹnu rẹ̀ ni, àwọn àlejò kì í gbọ́ ọ, ìyàwó rẹ̀ gan-an a máa gbọ́ díẹ̀, kó sì fi ìyókù méfò. Mofẹ́ ló máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òun ló ń túmọ̀ fún dókítà, fún àlùfáà, fún àwọn ẹbí tó bá pè lórí fóònù láti Ìsánlú.

Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, lẹ́yìn tí Mofẹ́ bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, obìnrin kan wà lórí ìkànnì Yorùbá yẹn tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní eré ìdárayá. Á máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, Ọlọ́runfúnmi náà á máa fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, òógùn á bò ó. Ó ti ń ṣe é fún oṣù márùn-ún. Àwọn ìka tó ti di gbagidi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Mofẹ́ mọ gbogbo èyí bó ṣe dúró níwájú káńtà náà. Ó sì na ọwọ́ sí dìkódà dúdú.

Sùlàímọ́nù béèrè pé ìkànnì Bàbá wá ńkọ́. Mofẹ́ dá a lóhùn pé wọn kì í wò ó mọ́, pé ìyá òun ló ní kí òun mú èyí tó bá wu òun. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó wá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbé e, nítorí wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù dání lẹ́nu iṣẹ́. Sùlàímọ́nù mí kanlẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó sì tẹ̀ lé wọn.

Ẹ̀yìn ilé ni díìṣì náà wà, lórí òpó irin kúkúrú kan tí Sùlàímọ́nù àti Ọlọ́runfúnmi jọ rì mọ́ sìmẹ́ǹtì nígbà tí ara ṣì le. Bàbá náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ń wo bí Sùlàímọ́nù ṣe ń tú nọ́ọ̀tì. Nígbà tó rí i pé díìṣì náà ti ń yí, ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó sì sọ̀rọ̀.

“Kí ni Bàbá wí?” Sùlàímọ́nù béèrè.

“Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà” ni ohun tó wí. Mofẹ́ gbọ́ ọ ketekete.

“Wọ́n ní ẹ ṣeun,” Mofẹ́ dáhùn.

Inú Sùlàímọ́nù dùn, ó tẹrí ba fún bàbá náà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọlọ́runfúnmi yíjú sí ọmọ rẹ̀. Kò bínú, ojú rẹ̀ kàn dà bí ojú ẹni tí kò dá ohun tó ń wò mọ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, Mofẹ́ sọ fún un pé Sùlàímọ́nù ní ìkànnì Dádì ti kógbá sílé. Ìyá náà kẹ́dùn, ó lọ rọra sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan, ó sọ ọ́ sọ ọ́, ìyàwó kò gbọ́, ó wá pe Mofẹ́ kó wá bá òun túmọ̀. Mofẹ́ ní Dádì ń sọ pé ó dun àwọn ni. Ọlọ́runfúnmi yíjú sí ògiri.

Dárà bá a ra kóòdù lọ́wọ́ ẹnì kan, láti ọjọ́ kejì sì ni òun àti ọmọbìnrin méjì mìíràn ti ń tẹ̀ lé Mofẹ́ wálé lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ti àga Dádì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè ríran dáadáa. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Mofẹ́ ló ń sọ ìtàn eré náà ní àárọ̀ Mọ́ńdè, tí àwọn tó kù ń fetí sí i. Ìyẹn dùn mọ́ ọn gan-an, irọ́ ni kéèyàn sọ pé kò dùn mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́ta bá ti lù, bàbá rẹ̀ á gbé ọwọ́ òsì, á nà án sí tẹlifíṣọ̀n, á sì sọ̀rọ̀. Dárà bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni Dádì ń fẹ́.

“Omi ni,” Mofẹ́ dáhùn, ó sì lọ bu omi wá. Bàbá náà kò mu ún. Lọ́jọ́ kejì ó tún na ọwọ́, wọ́n tún bu omi fún un. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, kò na ọwọ́ mọ́.

Kò gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè mọ́ pẹ̀lú. Ìyá Mofẹ́ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ nígbà tó ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, pé àwọn ìka náà ti tún ká wọlé, wọn kò ṣí. Ó lọ sunkún ní ilé ìdáná, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá Ọlọ́run kò fẹ́ kí ọkọ òun gbádùn mọ́. Mofẹ́ gbọ́ ọ láti yàrá. Ó dìde láti lọ sọ òótọ́, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wá rántí pé bí òun bá sọ ti díìṣì, òun á sọ ti omi, òun á sọ ti “ẹ ṣeun” náà. Ó padà lọ jókòó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, gbogbo àwọn ìkànnì olówó náà kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, kò sí àwòrán, kò sí ohùn. Dárà ní ọkùnrin kan wà ní Kabusa tó ní kóòdù tuntun, pé bí àwọn bá wọ ọkọ̀ nísinsìnyí, àwọn á dé kó tó di aago márùn-ún. Mofẹ́ gbé oúnjẹ síwájú bàbá rẹ̀, ó sọ fún un pé òun ń lọ òun ń bọ̀.

Bàbá rẹ̀ di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi gbogbo agbára tó kù nínú ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, kó má bàa sí àwáwí pé kò yé èèyàn.

“Bá mi yí i padà.”

Mofẹ́ gbọ́ ọ. Dárà ń pè é láti ìta. “Tí mo bá dé, Dádì,” ó ní, ó sì fa aṣọ rẹ̀ gbà.

Saeed, ará Kano tó ń fi ọmọlanke gbé omi káàkiri àdúgbò, ló rí bàbá náà. Ó gbé omi wá sẹ́yìn ilé bó ṣe máa ń ṣe ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, ó sì bá Ọlọ́runfúnmi nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó irin náà. Sìpánà kan wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ takisí rẹ̀ àtijọ́. Ó ti tú nọ́ọ̀tì kan. Kò sí ẹni tó mọ bó ṣe wọ́ ara rẹ̀ débẹ̀, tàbí bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ nínú oòrùn. Saeed ń sọ pé “Sànnu, Baba, sànnu,” tó túmọ̀ sí pẹ̀lẹ́, ó gbé e sórí ọmọlanke rẹ̀, ó sì sáré tì í dé ilé ìwòsàn tó wà lójú títì. Nígbà tí Mofẹ́ ti Kabusa dé, àwọn aládùúgbò ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Egungun ìbàdí rẹ̀ ló dá. Dókítà sọ pé ara tí kò le tẹ́lẹ̀ ni, pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ti ń kún fún omi.

Ìyá Mofẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wá pé kí ni ọkọ òun ń wá lọ sídìí díìṣì. Ní ọjọ́ kejì, Sùlàímọ́nù wá kí wọn. Ó béèrè, láìní ohun kan lọ́kàn, bóyá Bàbá ti fẹ́ padà sí ìkànnì rẹ̀ ni, nítorí òun á bá wọn yí i padà lọ́fẹ̀ẹ́.

“Ìkànnì tó ti kógbá sílé?” ìyá náà bi í.

Sùlàímọ́nù ní ìkànnì náà kò lọ síbi kankan, pé ó wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn àgbà méjèèjì yíjú sí Mofẹ́. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ìyá rẹ̀ kò lù ú. Kò gbé ohùn sókè. Ó dìde, ó lọ jókòó sí apá kejì bẹ́ẹ̀dì.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Mofẹ́ bẹ bàbá rẹ̀. Ó ní, “Dádì, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mo ń gbọ́. Ẹ dárí jì mí.”

Ètè bàbá rẹ̀ mì. Ó ń sọ nǹkan. Mofẹ́ tẹ etí mọ́ ẹnu rẹ̀, ó sé èémí, ó fetí sílẹ̀ bí kò ṣe fetí sílẹ̀ rí. Èémí nìkan ló ń jáde, kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣeé mú nínú rẹ̀.

“Kí ni wọ́n wí?” ìyá rẹ̀ béèrè.

“Mi ò gbọ́, Mọ́mì.”

Ọlọ́runfúnmi kú ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìsánlú ni wọ́n sin ín sí. Dárà fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́ lórí fóònù, kò sì tẹsẹ̀ dé ilé wọn mọ́. Nígbà tí Mofẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọbìnrin náà ti wà lórí eré mìíràn.

Ó tó oṣù méjì kí ìyá rẹ̀ tó bá a sọ̀rọ̀ ju “gbà” àti “jẹun” lọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n jọ jókòó, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, ìyá náà sì sọ ọ́ láìgbé ojú sókè.

“Kì í ṣe dìkódà ni mo rán ọ. Mo ní kí o bá ẹni tí kò lè sọ ohun tó fẹ́ sọ ọ́. Ìwọ ló ni ẹnu bàbá rẹ lọ́wọ́, Mofẹ́, o wá fi sọ tìrẹ.”

Mofẹ́ ń ṣa ẹ̀wà náà lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú àtẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ohun tí Mofẹ́olúwa fẹ́ kò burú: ó fẹ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ohun tó fi rà á ló burú. Bí wọ́n bá fi aláìlera sí ìtọ́jú yín, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì sọ ohun tó wí gẹ́gẹ́ bó ṣe wí i. Bí ẹ bá sì ti purọ́, ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹni tí ẹ purọ́ mọ́ ṣì lè fi ẹnu ara rẹ̀ dárí jì yín. Mofẹ́ jẹ́wọ́ tirẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.