Ìlà Thickett

Ẹ wo àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi yìí dáadáa. Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó má sọ pé n ò kìlọ̀. Tádàwà ló wà níbẹ̀ yẹn. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo ti fi iyanrìn ha á títí awọ fi bó. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin rè é, kò lọ. Pé kò lọ, ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń já mi láyà ni pé kò tíì gbẹ.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, a máa pàdé níwájú.

Tunnard lorúkọ mi. Láàárín ọ̀sẹ̀, fọkanáísà ni mí ní ìlú Sleaford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tí táyà yín bá jò, èmi lẹ máa wá bẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, mo máa ń dé fìlà funfun, mo máa ń di ọlọ́pàá àwọn ológun òfurufú. À ń ṣọ́ ibùdó bàálù, à ń yẹ ìwé ẹni tó ń wọlé wò, ọmọ ogun tó bá rú òfin, àwa là ń mú un. Ológun ìpamọ́ ni ìjọba ń pe irú wa: wọ́n kó wa pamọ́ bí irúgbìn inú àká, pé ọjọ́ tí wàhálà bá dé, kí wọ́n bù wá síta. Àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣe é lójoojúmọ́ kì í pè wá bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá Sátidé ni wọ́n ń pè wá. Sájẹ́ǹtì Harbage, ọ̀gá yàrá ẹ̀ṣọ́, ní tiẹ̀, báyìí ló ṣe máa ń kí mi:

"Táyà, o ti dé? Fẹ́ atẹ́gùn sẹ́sẹ̀ ẹ, kó o yára."

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Kọ́pùrà Maureen Scrimshaw. Ọlọ́pàá Sátidé lòun náà, ó ti lo ọdún méjìlélógún nídìí ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, òun ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ iléèwé. Àǹtí Mo, ìgékúrú Maureen, ni mo ń pè é tí ọ̀gá kankan ò bá sí nítòsí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ó fi ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́.

"Àpò àyà lo máa fi í sí. Gbogbo ohun tó o bá ṣe, gbogbo ohun tó o bá rí, kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú aago. Má ya ewé ẹ̀. Má pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Èyí tó wá ga jù, má fi ìlà kankan sílẹ̀ lófìfo. Tó bá ṣẹ́ kù, fi bírò fa ìlà gbọọrọ lé e lórí."

"Nítorí kí ni?"

"Kí ẹlòmíì má bàa ráyè kọ nǹkan sí i."

"Ẹlòmíì bíi ta?"

Ó wò mí. "Tunnard, ṣáà fa ìlà."

Ní ibùdó wa, ìlà tí ọlọ́pàá bá gbàgbé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Ìlà Thickett ni wọ́n ń pè é. N ò béèrè ìdí ẹ̀. Ẹni tó ń lẹ táyà kì í bi ìṣó léèrè ibi tó ti wá.

Ó wá di Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá. Ìkùukùu bolẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó funfun bí wàrà, ó tutù dé inú eyín. Èmi àti Àǹtí Mo ń fi jíìpù yí ibùdó ká. Nígbà tá a dé Géètì Kejì, lẹ́yìn pápá níbi tí oko àgbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, Àǹtí Mo ní ká sọ̀ kalẹ̀ lọ yẹ àgádágodo ẹ̀ wò. Òfin sọ pé ènìyàn méjì ni kó yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi sì ń jẹ búrẹ́dì tí màámi fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí láàárín.

Mo ní, "Ẹ máa lọ, Àǹtí, mo ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

N ò lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ìkùukùu gbé e mì. Mo gbọ́ tí ṣéènì géètì dún wọ́nran, bí ìgbà téèyàn fọwọ́ mì í. Ó dákẹ́. Ó tún dún wọ́nran lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n èyí wá láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń mì í padà láti òdìkejì.

Nígbà tó wọlé, mo ní, "Ta lẹ bá pàdé níbẹ̀?"

"N ò bá ẹnì kankan pàdé. Jẹun ẹ."

Ó kọ tiẹ̀ sínú ìwé: aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òun ti yẹ Géètì Kejì wò, ó wà ní títì. Èmi náà mú ìwé mi. Kí ni kí n kọ? N ò sọ̀ kalẹ̀. N ò rí nǹkan kan. Mo ní màá ronú ohun tí màá kọ tó bá yá, mo fo ìlà kan, mo kọ ohun tó kàn sí abẹ́ ẹ̀. Mo sì gbàgbé.

Nígbà tó máa di aago mẹ́ta, ìkùukùu ti ká. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan sí i, bàálù kékeré kan ń bọ̀ wá balẹ̀, màlúù mẹ́sàn-án wà lójú ọ̀nà ẹ̀ tí wọ́n ń jẹ koríko. Awakọ̀ òfurufú yà fún wọn, bàálù dojú dé, ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà kán síbi méjì. Géètì Kejì làwọn màlúù yẹn gbà wọlé. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹnì kankan ò já àgádágodo ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà láyé tó lè ṣí i. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Àǹtí Mo. Ìkejì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ẹ̀ṣọ́, lábẹ́ ìṣọ́ Sájẹ́ǹtì Harbage.

Wọ́n ní Àǹtí Mo ni. Wọ́n ní kò sọ̀ kalẹ̀ rárá, pé ó kàn jókòó sínú ọkọ̀, ó kọ irọ́ sínú ìwé. Ẹ jẹ́ kó yé yín o: fún èmi, iṣẹ́ Sátidé ni. Fún obìnrin yẹn, ọdún méjìlélógún ni. Bọ́ọ̀sì ẹ̀ náà ń kọ́? Ìyá wo ló máa fi ọmọ ẹ̀ lé awakọ̀ tí wọ́n ní kò lè ti géètì lọ́wọ́?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Harbage pè mí, ó ti ilẹ̀kùn.

"Táyà. Kọ́pùrà ò dé ẹnu géètì yẹn. Àbí o rí i níbẹ̀?"

"N ò rí i, sà. Inú ìkùukùu ló wà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ṣéènì."

"N ò bi ẹ́ nípa etí. Ojú ẹ ń kọ́?"

"Ojú mi wà lára búrẹ́dì, sà."

Ó gba ìwé mi, ó ń ṣí i wò. Ó rí ìlà òfìfo náà. Ẹ ò mọ bínú ẹ̀ ṣe dùn tó. "Ìlà Thickett! Ìwọ lo ṣe é fúnra ẹ. Mú bírò. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé Kọ́pùrà Scrimshaw ò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀."

Mo gbé bírò náà, mo yí i lọ́wọ́, mo dá a padà sórí tábìlì. "N ò ní kọ ọ́, sà."

"O ní kí ni?"

"Irọ́ dà bíi táyà tó ti bẹ́. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ẹ tó, kò lè gbé yín délé."

"Wọ́n máa lé ìwọ náà."

"Tó bá di Mọ́ńdè, màá ṣì ní táyà tí màá lẹ̀."

Ó gbé ìwé mi, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kọ́rùn. Ó ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n fi ronú.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ìgbẹ́jọ́, ní aago méjìlá ọ̀sán. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Harbage ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà níṣojú èmi àti Àǹtí Mo. Òórùn kan jáde látinú ẹ̀: búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ààrò jáde, àti kóòtù onírun tí òjò pa. Harbage ṣí ìwé náà sójú ewé yẹn.

"Àyè ìkẹyìn rè é, Táyà. Kọ ọ́."

Kò sáyè mọ́ níbẹ̀. Ìlà yẹn ti kún. Ẹnì kan ti fi lẹ́tà wínníwínní, irú èyí táwọn àgbà ń kọ, kọ ọ́ pé: *2.10. Scrimshaw ti Géètì Kejì. Mo wà ní òdìkejì. Mo fọwọ́ kàn án.* Nọ́ńbà iṣẹ́ kan wà níparí ẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ mi ò jẹ́ kí n ṣe jẹ́jẹ́. Mo fi àtàǹpàkò yìí tẹ tádàwà ẹ̀. Ó tutù.

Harbage pariwo, "O jí kọ́kọ́rọ́ mi!"

"Ọrùn yín ló wà, sà."

Àǹtí Mo fà mí lápá jáde. Fọ́tò kan wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, àwọn ọkùnrin onífìlà funfun tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúkọ àti nọ́ńbà kálukú wà nísàlẹ̀. Ó fi ìka lé èyí tó dúró kángun. Nọ́ńbà yẹn ni.

Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Thickett. Ọlọ́pàá Sátidé bíi tiwa. Òun ló ń ṣe búrẹ́dì lábúlé, ọwọ́ ẹ̀ ni màmá mi ti ń rà á. Géètì kan náà. Ìkùukùu kan náà. Wọ́n ní kò tì í. Ó ní òun tì í, ṣùgbọ́n ìlà tó yẹ kó kọ ọ́ sí ṣófo nínú ìwé ẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà lórí ẹ̀ níwájú gbogbo ibùdó. Látìgbà náà, ní gbogbo Sátidé, á lọ dúró níta géètì yẹn, á máa mì í wò bóyá ó wà ní títì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú ẹ̀."

"Àǹtí, màá sọ pé èmi ni mo kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ bùṣe."

"Má purọ́ tìtorí mi. Tó o bá purọ́, ìwọ àti Harbage di ọmọ ìyá kan náà."

Ọ̀gá Pell ló gbẹ́jọ́ náà, obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ka ìlà náà sókè, ó gbójú sókè wò mí.

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

Ẹ wò ó, bẹ́ẹ̀ ni kan péré ló kù kí gbogbo ẹ̀ parí. Mo wo Àǹtí Mo. Kò wò mí.

"Rárá, mà. Èmi kọ́. Búrẹ́dì ni mò ń jẹ nígbà yẹn."

Harbage bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Pell sọ bírò kalẹ̀. "O mọ̀ pé ìwé tí ẹlòmíì bá kọ nǹkan sí ò ṣeé gbára lé mọ́? Ta ló wá kọ ọ́?"

"Nọ́ńbà ẹ̀ wà níbẹ̀, mà. Ẹlẹ́rìí ni. Ẹ ní kí wọ́n pè é bí wọ́n ṣe ń pe ẹlẹ́rìí."

"Ṣé ò ń fi mí ṣeré ni?"

"Rárá, mà. Ọlọ́pàá Sátidé ni. Òní sì ni Sátidé."

Ó tún ìlà náà kà. Bóyá ó fẹ́ dójú tì mí ni, bóyá òórùn búrẹ́dì yẹn ti dé imú òun náà. "Sájẹ́ǹtì, pè é."

Níbi tiwa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pe ẹlẹ́rìí lẹ́nu ọ̀nà. Harbage ṣílẹ̀kùn, ẹ̀rín kún ẹnu ẹ̀. "Thickett!" Ó wẹ̀yìn, ó ṣẹ́jú sí mi. "Thickett!" Ẹ̀ẹ̀kẹta, kó tó pè é tán, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu ẹ̀. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí èèyàn ṣe ń yà fún ẹni tó ń wọlé.

N ò rí ẹnì kankan. Mo gbọ́ bàtà, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, omi ń ro lára ẹ̀. Àga ẹlẹ́rìí hán gooro. Harbage rìn padà wá, ó dúró ṣánṣán níwájú àga òfìfo náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè tí ẹnì kankan nínú wa ò gbọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó dákẹ́.

"Aago méjì ààbọ̀, sà. Mo gba Géètì Kejì kí wọ́n má bàa rí mi pé mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

Ó tẹ́tí sí àga náà. Òógùn bò ó.

"Bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ lọ wò, sà." Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. "Rárá, sà. Ó wà ní títì nígbà tí mo débẹ̀. Obìnrin yẹn ti tì í. Èmi ni mo ṣí i. Èmi ni n ò tì í padà."

Ọ̀gá Pell ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n lé Harbage. Àǹtí Mo ṣì ń wa bọ́ọ̀sì ẹ̀. Awakọ̀ òfurufú yẹn ń tiro díẹ̀. Èmi náà gbọ́n: látìgbà yẹn, n ò fi ìlà kankan sílẹ̀ mọ́. Mò ń fa ìlà lé e bí ẹni ń ran aṣọ.

Ẹ rò pé ó parí, àbí? Ẹ jókòó.

Sátidé tó kọjá, mo ra ìwé tuntun. Mo já ọ̀rá ara ẹ̀ fúnra mi, mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́. Òórùn búrẹ́dì. Ìlà àkọ́kọ́ ti kún: *2.10. Tunnard dé ẹnu Géètì Kejì. Mo ṣí i fún un.* Kò kọ ọjọ́ sí i.

Àǹtí Mo rí i, ojú ẹ̀ funfun. "Má lọ síbẹ̀ lónìí. Òkú ló ń pè ẹ́ sọ́dọ̀ yẹn. Jókòó ti tíì gbígbóná ẹ."

Mo ní, "Ọjọ́ tí mo jókòó jẹun nínú ọkọ̀, ṣé ẹ rí ibi tó gbé wa dé?"

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ. Ìkùukùu wà. Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo rí ṣéènì yẹn tó ń mì fúnra ẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, mo fún un mọ́wọ́, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun ti ìjọ́sí. Ṣùgbọ́n ẹ dúró sí ìhà tiyín. N ò tíì ṣe tán." Ohun kan fà á. Mo fà á padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè mí ní ọlọ́pàá Sátidé, èmi àti òun jọ fà á títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó, n ò jọ̀wọ́ ẹ̀. Nígbà tó dẹwọ́, mo yọ ìwé mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ tiẹ̀: *2.10. Géètì Kejì wà ní títì. Mo fọwọ́ kàn án.*

Òfin wa ni pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ohun téèyàn bá kọ. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà yẹn ni, tádàwà ẹ̀ tutù. Ó fi ọ̀rọ̀ méjì kún un: *Fún òní.*

Fún òní náà tó mi. Ọ̀la ni Sátidé. Màá tún lọ tì í.