Ohùn Tó Pe Jagesar Létí Odò

N kò bu iyọ̀ sí i. Etí mi méjèèjì yìí ló gbọ́ ọ. Àárọ̀ ni, n kò sì tíì mu ohunkóhun ju tíì lọ.

Níbi àjọ̀dún etí Odò Gángà ní ilẹ̀ Íńdíà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú àgọ́ tí a ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá ẹni tó sọnù. Ìkúukùu bolẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ènìyàn kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ìyá arúgbó kan wọlé. Èrò ti ya òun àti ọkọ rẹ̀ sọ́tọ̀ létí omi. Ojú bàbá náà kò sì ríran dáadáa.

"Kí lorúkọ wọn, Mà?"

Ó fi etí sárì, aṣọ tó fi wé ara, bo ẹnu. "Bàbá Munni."

"Orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n ni mò ń bèèrè."

"Háà! Kí n pe orúkọ ọkọ mi? Ṣé o fẹ́ kí n ṣe èèwọ̀ ni?"

"Mà, odò ò mọ èèwọ̀ o!"

Ó ní Bàbá Munni náà ni kí n pè. Mo kéde Bàbá Munni. Àwọn Bàbá Munni wá lóòótọ́, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà, nítorí orúkọ tó wọ́pọ̀ ni Munni, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìyá bú sẹ́kún. Bí ó ti la ẹnu láti pe orúkọ náà wàyí, iná kú. Dinkar tó ń mójú tó jẹnẹrétọ̀ ké láti ìta pé epo ti tán.

Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Àwọn sípíkà orí òpó sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin àgbà ni, ó gbẹ.

"Jagesar. Dúró níbẹ̀. Má gbé ẹsẹ̀."

Ọwọ́ mi ni máìkì wà. Ìyá sáré fa sárì bo gbogbo ojú, bí ìyàwó ilé ti ń ṣe níwájú ìyá ọkọ.

"Ta nìyẹn, Mà?"

"Ìyá Bàbá Munni ni," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Etí odò yìí la ti sun òkú wọn, nígbà tí Munni ṣì ń mu ọmú."

Kò pẹ́ tí atukọ̀ kan fi mú bàbá arúgbó kan wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. "Díẹ̀ ló kù kí wọ́n bọ́ sínú ibú!"

"Ìyá mi ní kí n dúró," ni bàbá wí. "Mo sì dúró."

Ìyá di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn èmi náà balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìyá wá jáde, ó kúnlẹ̀ nídìí òpó sípíkà.

"Ẹ ṣé, Mà. Ẹ ò jẹ́ kí n sinmi nígbà tí ẹ wà láyé, ṣùgbọ́n ti òní yìí, ẹ ṣé."

Sípíkà tún sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó. Ṣé ó ti jẹun?"

"Búrẹ́dì rótì wà nínú àpò, Mà. Wọ́n máa jẹun báyìí."

Dinkar ṣì wà níbi tó ti ń wá epo; iná kò tíì dé.