Àgbo Tí Kò Ní Egbòogi

Ìbínú ni Taekju bá wọ yàrá ìwádìí tí Seonhwa ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Daegu, ní Korea. Ó ju ọ̀rá àgbo sórí tábìlì, ó ní ẹni tó sè é kò láàánú ènìyàn.

"Èmi ni mo sè é," Seonhwa dáhùn. "Ẹ di imú yín mú, kí ẹ gbé e mì."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ni, ó sì rù débi pé ìgbànú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀. Bó bá ti jẹ díẹ̀, ikùn rẹ̀ á le, èébì á máa gbé e. Àwọn dókítà ti kàmẹ́rà bọ inú rẹ̀, wọn ò rí egbò kankan.

Irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí náà wà fún. Egbòogi mẹ́jọ ni wọ́n ń sè pọ̀. Seonhwa ti dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lára eku, ikùn eku ò mira. Ìgbà tó po egbòogi náà pọ̀ ni oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó wá ku kí wọ́n dán an wò lára ènìyàn. Àwọn kan ń mu ojúlówó, àwọn yòókù ń mu ayédèrú: omi ìrẹsì jíjóná tí Seonhwa fi nǹkan kíkorò sí títí ahọ́n òun fúnra rẹ̀ ò fi mọ ìyàtọ̀. Ẹlòmíràn ló ń pín in. Àti òun àti Seonhwa, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń mu èwo.

Taekju bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Lọ́jọ́ tó mu ọ̀rá tó kẹ́yìn tán, ó ní kí òun àti Seonhwa jọ lọ jẹun. Ó jẹ abọ́ ìrẹsì kan àti kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan wọn, tán, ó ní kí wọ́n tún bu sí i. Seonhwa ń wò ó, ó mọ̀ pé òun ti kó sí i. Ìfẹ́ ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ra, ìyá Seonhwa ló kọ̀. Àìsàn ikùn ló pa ọkọ rẹ̀, bàbá Seonhwa. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ọkùnrin yẹn ló ń jẹ, á ní kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, títí wọ́n fi gbé e lọ tí kò padà.

"Opó kan tó nínú ilé yìí," ìyá sọ.

"Ara rẹ̀ ti yá, Màámi. Àgbo wa ló wò ó sàn."

Ọ̀rọ̀ àgbo yẹn ló rọ ìyá lọ́kàn. Ó ní kó mú un wá jẹ adìẹ lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́dọ̀ wọn, bí ìyá obìnrin bá ti pa abo adìẹ fún ọkùnrin, ó ti gbà á ní àna nìyẹn, ọkùnrin náà sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ kan egungun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Min, olórí ìwádìí náà, pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó sọ ẹni tó mu èwo. Àwọn tó mu ojúlówó sàn ju àwọn yòókù lọ, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Taekju ò sí lára àwọn tó mu ojúlówó. Ayédèrú ló mu láti ìbẹ̀rẹ̀.

Seonhwa wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó sunkún. Bó bá sọ ọ́, àìsàn náà lè padà kó tó di ọjọ́ Àìkú. Bí kò bá sọ ọ́, irọ́ ni yóò fi wọlé ọkọ. Ó lọ bá a.

"Ìrẹsì jíjóná ni mo sè fún ẹ, olólùfẹ́ mi. Kò sí egbòogi kankan nínú ẹ̀."

Taekju bi í: "Ṣé orí mi ni ò pé ni?"

"Rárá. Ìrora ẹ kì í ṣe irọ́. Bó ṣe lọ náà kì í ṣe irọ́. Ìdí ẹ̀ ni mi ò mọ̀."

Kó tó di ọjọ́ kejì, èébì ti dé.

Seonhwa bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn sún àbẹ̀wò náà síwájú, ó kọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá gbé odidi adìẹ inú omi ọbẹ̀ síwájú Taekju, èéfín ń rú lórí rẹ̀. Taekju gbé ẹ̀kún ṣíbí kan mì. Ó gbé ìkejì. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Seonhwa ń bẹ̀bẹ̀ nínú ara rẹ̀ pé kó ṣáà máa gbé e mì.

Taekju fi ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò lè jẹ ẹ́. Àgbo kọ́ ló wò mí sàn, ayédèrú ni mo mu, àìsàn náà sì ti padà. Mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹun irọ́ fún yín."

Ìyá gbé abọ́ náà kúrò níwájú rẹ̀. Seonhwa mọ̀ pé ó ti parí.

Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó kẹ́yìn sí wọn.

"Gbogbo ọdún tí mo fi gbọ́únjẹ fún bàbá ẹ, kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ká ní ó sọ ni..."

Kò parí rẹ̀. Ó wọlé. Wọ́n gbọ́ tó da ìrẹsì sínú omi, tó ń fọ̀ ọ́.

"Ẹ̀kọ ìrẹsì ni mo fẹ́ sè fún un," ó sọ látinú ibẹ̀. "Kó ṣàn ni, àbí kó ki?"

Taekju ti bo ojú. Seonhwa ló bá a dáhùn pé kó ṣàn.