Pákó Tó Béèrè Orúkọ

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, etí mi ló gbọ́. Ẹni tí kò bá gbà á, kó gbé e sílẹ̀.

Ọdún kẹta òmìnira ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Fábíyì bàbá mi, gbẹ́nàgbẹ́nà, ń kan ilẹ̀kùn tuntun ní àgbàlá wa ní Ikpinlè. Èmi ni mò ń bá a di pákó mú. Igi apá ni, láti Oko-Akarè. Bàbá mi kì í jẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn pé èmi ló pè.

Òwú ti wà ní etí rẹ̀ méjèèjì láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ní nítorí eruku igi ni.

Ọ̀sán gangan ni. Ìyá mi ti lọ sọ́jà. Atẹ́gùn ò fẹ́. Adìẹ ò ké. Bàbá mi fi ìfági fá pákó náà lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó ń wo ojú mi.

Ẹnìkan sọ̀rọ̀ nínú igi, lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi gan-an.

"Ta ló wà níta?"

Ohùn arúgbó ni, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Mo fa ọwọ́ mi kúrò lórí pákó. Bàbá mi kò gbọ́, ṣùgbọ́n ó rí mi.

"Dá a lóhùn," ó wí. "Sọ orúkọ rẹ. Tìrẹ nìkan."

Bàbá mi ni. Mo ṣe bó ṣe wí.

"Èmi Ìbídùn ni."

 Igi rọra pè é, bí ẹni tó ń kọ́ ọ sórí: "Ì-bí-dùn."

Bàbá mi yọ òwú. Ó tẹ́tí sí pákó, ó pẹ́ níbẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Èmi ṣì ń gbọ́ ọ.

Nígbà tí ìyá mi dé, mo fi ẹkún rò ó fún un.

"Oòrùn ló pa ọmọ náà," bàbá mi wí. Kò wo ojú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Kpoulou. Ó sìn mí dé oríta.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀?"

Ó bá mi tún aṣọ mi ṣe lọ́rùn.

"Ibi tó o bá dé, má sọ pé ọmọ mi ni ọ́."

Ó yí padà. Ó ń yára lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, mo fẹ̀yìn ti òpó igi ilé ìyá àgbà, mò ń yin àgbàdo. Òpó náà gbóná sí mi lẹ́yìn.

"Ìbídùn."

Mo ń yin àgbàdo lọ.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo gbé àgbàdo sílẹ̀. Mo rántí bí bàbá mi ṣe ń yára lọ.

Mo sọ orúkọ rẹ̀ fún un.