Púlọ́ọ̀gì Mẹ́rin Tí Kì Í Tutù

Púlọ́ọ̀gì tí kò sí nínú ọkọ̀ kì í gbóná. Inú ẹ́ńjìnì, níbi tí iná ti ń ṣẹ́, ló ti ń gbóná, bí a bá sì ti tú u jáde, kò ní pẹ́ tí yóò fi tutù. Ṣùgbọ́n mẹ́rin tí ọkùnrin yẹn kó lé mi lọ́wọ́ ní Bẹẹrẹ gbóná bí ẹyin tí adìyẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọkọ̀ kankan nítòsí, àfi tèmi, tí ó lè ti tú wọn.

Kí n tó sọ bí ó ṣe jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Deborah Dáramọ́lá ni mí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Kúdẹtì ni mò ń gbé, nínú ilé tí ọkọ mi, Emmanuel, kọ́ kó tó kú. Àwọn ọmọ wà ní Kánádà. Ìkẹ́olúwa, àbígbẹ̀yìn mi, máa ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú, a ó sọ̀rọ̀ nípa òjò tibí àti yìnyín tọ̀hún, lẹ́yìn náà ilé á tún dákẹ́. Bí mo bá ti ọjà dé, mo ṣì máa ń kí ilé náà pé ẹ kú ilé o, àwọn àga ni mò ń kí. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n gba ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ní èmi ti tọ́ tèmi tán, n kò ní tọ́ tẹlòmíràn mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ìdákẹ́jẹ́ ilé yẹn ń dùn mí dé egungun.

Pijó 504 tí Emmanuel fi sílẹ̀ ni alábàárìn mi. Emmanuel ló kọ́ mi bí a ṣe ń wo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá pọ́n díẹ̀ bí ẹ̀lùbọ́, ara ẹ́ńjìnì yá. Bí ó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo ń pọ̀ jù. Bí òróró bá bò ó, ẹ́ńjìnì ti ń darúgbó, bí ó bá sì funfun, ooru ti fẹ́ pa á nìyẹn. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Pijó náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí mo bá ń gun òkè Màpó. Mo tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn. Méjì dúdú, òróró bo ẹ̀kẹta, irin ẹnu ìkẹrin ti jẹ dànù. Mo dá wọn padà kí n lè rí ọkọ̀ wà dé Bẹẹrẹ, ó sì ń wúkọ́ lọ bí arúgbó tó ń lọ gba oògùn.

Sàláúdéènì ni mo máa ń ra ẹ̀yà ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kó tuntun jáde, mo fi epo díẹ̀ pa ọ̀kan lára, lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ ṣí mọ́ mi lọ́wọ́, ayédèrú ni. Mo gbé òmíràn sójú oòrùn, apá funfun rẹ̀ ti sán.

Sàláúdéènì rẹ́rìn-ín. "Mummy, ẹ ò wá ra púlọ́ọ̀gì lónìí, ìdánwò lẹ wá ṣe fún un."

"Gbogbo wọn ló féèlì," mo ní. "Lọ wá òmíràn."

Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ. Bẹ́ǹṣì kan wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì dẹ́rẹ́bà jókòó sórí rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ìyá mi sì máa ń sọ pé ewúrẹ́ ló ń wọlé tí kì í kágò. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó o."

Ó rọra gbé orí sókè. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, bí ẹni tí a kò kí láti ìgbà pípẹ́. "Ẹ ṣé, Mà," ó ní. Ó wo mí, ó wo Pijó mi, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò. "Tòkunbọ̀ ni. Ẹ wò wọ́n."

Ìgbà tí ooru wọn kàn mí lọ́wọ́ nìyẹn. Mo yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu wọn rí bí ẹ̀lùbọ́, àlàfo ẹnu wọn dọ́gba, apá funfun wọn kò sán níbì kankan. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wo púlọ́ọ̀gì, n kò rí mẹ́rin tó bára wọn mu tó bẹ́ẹ̀. Mo béèrè iye tí ó ń tà wọ́n.

"Mi ò tà wọ́n, Mà. Ẹ ṣáà má ya wọ́n." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ̀yìn ọkọ̀ yín gba èèyàn mẹ́ta dáadáa."

Mo rò pé ó fẹ́ kí n gbé àwọn èèyàn rẹ̀ ni. Mo yíjú wo inú ṣọ́ọ̀bù láti sọ fún Sàláúdéènì pé mo ti rí púlọ́ọ̀gì. Kí n tó yíjú padà, bẹ́ǹṣì ti ṣófo.

Mo fi wọ́n sínú ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnì náà sọ̀rọ̀ kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà ayé Emmanuel, ó ń kùn jẹ́jẹ́, kò kọsẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo kọrin délé.

Ní ọjọ́ kejì ni mo rí i pé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ó ru ẹrù. Mo ṣí búùtù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wọlé sídìí sitiárì, òórùn páúdà àti àgbo sì kí mi káàbọ̀. Mo wo ẹ̀yìn nínú dígí. N kò rí ẹnì kan, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀yìn tẹ̀ wọlé lójú mẹ́ta, bí ó ti máa ń tẹ̀ bí ènìyàn bá wà lórí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kọkànléláàádọ́rùn-ún. Nígbà tí mo kà á parí, ohùn ọmọbìnrin kan ní ẹ̀yìn mi sọ jẹ́jẹ́ pé, "Àmín, Mà."

Mo sá jáde. Mo dúró sí ìdí ògiri títí oòrùn fi ń ta mí lójú. Lẹ́yìn náà, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín, mo padà wọlé, mo sì ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Ohùn mẹ́ta ló dá mi lóhùn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn nìyẹn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń ta aṣọ òkè ní Òjé. Bàbá kan wà níbẹ̀, ará Bẹyẹrúnkà, àgbo tirẹ̀ ló ń rùn. Ọmọbìnrin náà ń jẹ́ Purity, Ìdí Arẹ̀rẹ̀ ni ilé wọn, ó fẹ́ di tíṣà. Bí mo bá ń wakọ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn, mo sì ń dá sí i. Mo kọ́ Purity bí a ṣe ń dá kíláàsì aláriwo lẹ́kun láì lo pàṣán. Ó rẹ́rìn-ín, èémí sì bo dígí ẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí mo máa lọ. Nígbà tí Ìkẹ́olúwa pè mí, ó béèrè pé ta ni ó wà lọ́dọ̀ mi tí ohùn mi fi já gaara báyìí. Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ ni.

Ìmoore ló gbé mi padà sí Bẹẹrẹ. Mo bi Sàláúdéènì ibi tí mo ti lè rí ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì náà láti dúpẹ́. Mo júwe rẹ̀. Sàláúdéènì kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

"Olúyẹmí dẹ́rẹ́bà lẹ ń júwe yẹn, Mummy," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń kírun lọ. "Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí kó tó kú. Ó kó èrò mẹ́ta láti Ìjẹ̀bú, inú Pijó bíi tiyín, ọkọ̀ náà sì pa gbogbo wọn lọ́nà, àti òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n sin wọ́n sí. Wọn ò gbé ẹnì kan délé."

"Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ náà ńkọ́?"

"Wọ́n tú u tà. Púlọ́ọ̀gì nìkan ni ẹnikẹ́ni ò rà. Wọ́n ní kì í tutù."

Mo jókòó sínú ọkọ̀, n kò sì lè kí ẹnikẹ́ni. Ó ti yé mi wàyí. Dẹ́rẹ́bà tó gbé èrò tí kò já wọn sílé kò tíì parí iṣẹ́, ó sì ń wá ẹni tó máa bá a parí rẹ̀. Èmi ni mo kí i, èmi ni ó yàn. Bí mo bá gbé wọn délé, wọ́n á lọ, màá sì tún máa kí àga. Mo wa ọkọ̀ kọjá ọ̀nà Òjé láì yà. Mo ní lọ́kàn mi pé òkú kì í kánjú, kí wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ jìn mí. Nígbà tó pẹ́, Purity sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi kì í tilẹ̀kùn bí mi ò bá tíì wọlé, Mà."

Ìyá ọmọ ni èmi náà. Mo yí ọkọ̀ padà.

Ní Òjé, lẹ́bàá ìsọ̀ aṣọ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, òórùn páúdà náà sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ́ńjìnì kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohùn kan ti dín nínú rẹ̀. Ní Bẹyẹrúnkà, bàbá náà súre fún mi, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó lè sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí a fi dé Ìdí Arẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ti ń sún mọ́. Obìnrin kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé kan, ó kọjú sí títì, ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣí gbayawu. Mo fẹ́ sọ pé kí Purity má lọ. Ojú mi ti kún fún omi, mo fi etí ìró nù ún.

"Ẹ ṣé, Mà," ó ní. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Obìnrin náà dìde lójijì, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan fara kan án. Lẹ́yìn náà ó gbé àga rẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Púlọ́ọ̀gì kan ti bá èrò kọ̀ọ̀kan kú, ó ku kan ṣoṣo. Ọkọ̀ kò lè fi púlọ́ọ̀gì kan rìn, mo mọ èyí bí mo ti mọ orúkọ mi. Síbẹ̀ ó gbé mi dé Kúdẹtì, ó ń lù pọ̀ọ́, pọ̀ọ́, pọ̀ọ́, bí ọkàn ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí mo pa á, mo mọ̀ pé ẹnì kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò yíjú. Mo rí etí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti ìka rẹ̀ lórí orúnkún.

"Iṣẹ́ ti parí, Mà," Olúyẹmí ní.

"Ìwọ ńkọ́? Níbo ni kí n gbé ọ lọ?"

"Ilé àwọn tí mo bá gbé nìkan ni mo mọ̀. Mi ò rántí tèmi mọ́."

Mo mọ ohun tí àlùfáà wa yóò sọ, ìdí nìyẹn tí n kò fi bi í. Ohun tó yẹ ni kí n tú púlọ́ọ̀gì tó kù, kí n sọ ọ́ sódò. Ṣùgbọ́n mo ro ilé tó wà níwájú mi, mo ro gbogbo yàrá rẹ̀. Mo sọ fún un pé yàrá ẹ̀yìn ṣófo. Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn, mo sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè kọjá.

Ó ń gbé ọ̀dọ̀ mi láti ìgbà náà. Kì í jẹun, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pálọ̀, ọkàn mi á sì balẹ̀. Ọkọ̀ wà nínú ọgbà, mo ń fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, n kò sì mọ ibi tí ilé mi wà mọ́, bí Olúyẹmí kò ti rántí tirẹ̀. Mo mọ orúkọ mi, mo mọ orin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Mo wọ̀tún, mo wòsì, gbogbo òpópónà Kúdẹtì dàbí ti ìlú tí n kò dé rí. Àwọn ènìyàn ń kí mi, wọ́n ń lọ. N kò lè bi wọ́n, ojú tì mí.

Pijó náà wà lábẹ́ igi iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò wà á wá. Ó ń lù pọ̀ọ́, pọ̀ọ́. Olúyẹmí jókòó sídìí sitiárì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Mà. Mo mọ ilé yín."

Ẹ̀rù bà mí púpọ̀, inú mi sì dùn pé ẹnì kan mọ̀ ọ́n. Mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo wọlé, mo jókòó.