Táyà Ojú Ẹrẹ̀

"Ọmọ mi, lọ́la ni mò ń sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ afárá. Tètè wá, kí n fojú kàn ọ́."

Lọ́la tí ìyá rẹ̀ wí ti di àná. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti sùn sójú ọ̀nà, nítorí kò sí nẹ́tíwọ̀kì gidi lórí òkè tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí táyà kan ní ṣọ́ọ̀bù táyà Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, ó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà lákàtúnkà. Ó ń fojú inú wo ìyá rẹ̀ létí afárá, tó ń na ọrùn wo gbogbo ọkọ̀ tó bá yọ. Láti ìgbà tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, kò tíì gbọ́ òórùn ọṣẹ tó máa ń wà lára aṣọ ìyá rẹ̀. Ó pe nọ́ńbà rẹ̀. Kò wọlé.

Bí ó ti ń nu ojú, Má-fòyà wakọ̀ wọlé. Òun ni awakọ̀ tó ń kó oògùn lọ sí ilé ìwòsàn ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà ló ní, ṣùgbọ́n àwọn táyà rẹ̀ ti pá bí orí arúgbó.

"Àbúrò, bá mi wá táyà ẹrẹ̀ o. Lónìí ni mo fẹ́ gbéra."

"Bàbá Kékeré jáde, Ẹ̀gbọ́n. Sátidé ni tuntun máa dé."

"Sátidé kẹ̀? Ṣé òkè ló máa wá bá mi níbí ni?" Ojú rẹ̀ lọ sí àwọn táyà tó wà ní kọ̀rọ̀. "Àwọn wo nìyẹn? Wo ehín lẹ́nu wọn! Ìwọ̀nyí á họ ẹrẹ̀ bí adìyẹ."

Táyà àlòkù ni. Nígbà tí ojú wọn jẹ tán, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀bẹ gbígbóná gbẹ́ ehín jíjìn sí wọn, fún ẹni tó fẹ́ fi wọ́n sí kẹ̀kẹ́ ẹrù oko. "Oko nìkan o," ni Bàbá Kékeré ti kìlọ̀. "Ara wọn ti fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fi wọ́n gun òkè, ikú ló ń wá."

"Ṣé wọ́n dáa?" ni Má-fòyà bi í. "Bí wọ́n bá dáa, màá gbé ẹ dání. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wàá ti dì mọ́ màmá ẹ."

Ọkàn rẹ̀ fò lọ sórí òkè.

"Wọ́n dáa," ni ó wí.

Wọ́n ti jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀. Má-fòyà ń kọrin, ó ń fi sípánà de nọ́ọ̀tì. Nígbà tí ó de táyà kejì tán, ó fi fìlà rẹ̀ nu ìjókòó iwájú.

"Ọmọ nọ́ọ̀sì, ààyè ẹ rèé. Tá a bá dé kọ́nà etí ọ̀gbun, dijú o. Èmi gan-an máa ń fẹ́ dijú, àmọ́ èmi ni mò ń wakọ̀!"

Ọmọbìnrin náà ń yí táyà kẹta bọ̀. "Ẹ ò ní yẹ táyà wò ni?"

"Kí ni mo tún fẹ́ yẹ̀ wò? Ṣebí ìwọ lo ní wọ́n dáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Kò sí ohun tó burú nínú kí ó máa ṣàárò ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wá a lọ. Ó di táyà kẹta mú, kò yí i mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú méjì yẹn kúrò. Irọ́ ni mo pa. Ọ̀bẹ ni mo fi gbẹ́ ehín wọn. Wọ́n lè bẹ́ lórí òkè."

Má-fòyà sọ sípánà sílẹ̀. "Màmá ẹ ńkọ́? O ò fẹ́ rí i mọ́?"

"Mo fẹ́ rí i débi pé oorun kì í kùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní bá yín lọ lónìí, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹ̀yin náà fi táyà yìí lọ."